Iṣẹ́ tó yẹ kí ilé ṣe kí ọmọ tó wọ jẹ́lé-ó-sinmi

Olóòtú àgbà,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ọpọlọ, mo sì kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ́ kí èdè wa máa rí ojú ewé dúró lé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọdún 31 ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà ní ìlú Ìbàdàn, ọdún 19 nínú rẹ̀ ni mo sì lò láàárín àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín láti bá àwọn òbí tó ń múra àtifi ọmọ sí jẹ́lé-ó-sinmi ní oṣù Kẹsàn-án tó ń bọ̀ sọ̀rọ̀, kí n sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ilé-ẹ̀kọ́ bí ọ̀rọ̀ náà bá ti ń lọ.

Ohun tó mú mi gbé bírò ni ọ̀rọ̀ ìyá ọmọ kan ní àdúgbò wa ní Mọ́kọ́lá, tó wá bá mi ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn pẹ̀lú omijé lójú. Ó mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí kò ju ọdún mẹ́ta àti oṣù díẹ̀ lọ, lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan láti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ náà jókòó, wọ́n fún un ní pẹ́ńsùlù, wọ́n ní kó kọ ení títí dé ogún. Ọmọ náà wo pẹ́ńsùlù, ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó sì ki pẹ́ńsùlù náà bọ ẹnu. Wọ́n sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọmọ náà kò tíì gbára dì, pé kó lọ wá olùkọ́ tí yóò máa wá kọ́ ọ nílé ní ìrọ̀lẹ́ fún oṣù mẹ́ta kó tó padà wá.

Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, mo bi í ní ìbéèrè mélòó kan. Ṣé ọmọ náà lè bọ́ ṣòkòtò ara rẹ̀ bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n? Ṣé ó lè sọ fún ẹni tí kò mọ̀ rí pé òùngbẹ ń gbẹ òun? Ṣé ó ti sun ilé ìyá àgbà rẹ̀ rí láìsí ìyá rẹ̀ níbẹ̀? Ta ló ń pa àlọ́ fún un? Ìyá náà wò mí bí ẹni pé mi ò gbọ́ ohun tó sọ. Ó ní, "Màmá, ábídí ni wọ́n ní kò mọ̀ o."

Mi ò bá a wí, nítorí mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ní Ìbàdàn lónìí, bí ọmọ bá ti pé ọdún méjì, ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kọ́kọ́ ń wá ni ìwé aláwòrán tí wọ́n kọ lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà sí, pátákó ábídí tí wọn yóò fi kọ́ ara ògiri, àti fóònù tí yóò máa kọrin Gẹ̀ẹ́sì sí ọmọ létí. Wọ́n ń náwó sí i, wọ́n sì ń sá kiri nítorí rẹ̀, torí pé wọ́n fẹ́ràn ọmọ wọn. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún wọn ni pé ohun tó ń mú ọmọ gbára dì fún jẹ́lé-ó-sinmi ti wà nínú ilé wọn, nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́, bí wọ́n bá lè gba ọmọ láàyè kó bá wọn ṣe é, kí wọ́n sì máa bá a sọ̀rọ̀ bí iṣẹ́ náà ti ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìdáná, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí i jù. Ọmọ ọmọ mi kan wà lọ́dọ̀ mi báyìí, yóò pé ọdún mẹ́rin ní oṣù Kẹwàá. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí a bá fẹ́ jẹ àmàlà, èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ ń já ewédú. Mo máa ń tẹ́ ẹní sílẹ̀, màá gbé abọ́ kan sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fún ewé, màá gbé òmíràn sí òsì fún igi rẹ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ńṣe ló ń fa gbogbo rẹ̀ ya, tí ewé àti igi ń jọ bọ́ sínú abọ́ kan náà. Mi ò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kàn jókòó tì í, mo ń já tèmi díẹ̀díẹ̀ kó lè máa wo ọwọ́ mi. Nígbà tó di ìgbà kẹta tàbí ìkẹrin, mo rí i pé ó ti fi ọwọ́ òsì di igi ewédú mú, ó wá fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e ní ọwọ́ ọ̀tún mú ewé kan ṣoṣo ní ìdí, ó já a, ó gbé e sókè wò, ó sì rọra fi í sínú abọ́. Ó yọ ahọ́n lé ètè bí ẹni tó ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Olóòtú, bí ọwọ́ rẹ̀ ti mú ewé ewédú yẹn gan-an ni yóò ṣe mú pẹ́ńsùlù lọ́jọ́ tí àkókò rẹ̀ bá tó. Ọwọ́ kan ń di nǹkan dúró, èkejì ń ṣiṣẹ́, ojú ń tẹ̀ lé ọwọ́, ọkàn sì wà lójú kan fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìsí ẹni tó ń jágbe mọ́ ọn.

Bó bá jẹ́ pé a ó se gbẹ̀gìrì sí i, iṣẹ́ tún pọ̀ sí i. A ó kọ́kọ́ ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ: òkúta lọ́tọ̀, èyí tí kòkòrò ti jẹ lọ́tọ̀, èyí tó dára lọ́tọ̀. Ọmọ tó ń ṣe èyí ń kọ́ láti wo ohun tó jọra wọn kó sì rí ibi tí wọ́n ti yàtọ̀, iṣẹ́ kan náà tí ojú rẹ̀ yóò ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ b àti d síwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó rẹ ẹ̀wà sínú omi, tí ọmọ yóò ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú abọ́, tí yóò máa fi ẹ̀wà ra ara wọn títí èèpo yóò fi bó tí yóò sì léfòó. Ibẹ̀ ni mo ti pa àlọ́ kan fún un, èyí tí ìyá tèmi pa fún mi: òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò. Kò mọ̀ ọ́n. Mo ní kó wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa. Ó mú ẹ̀wà funfun kan tí kò tíì bó, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó rí ojú dúdú tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì ké pé, "Màmá, ẹ̀wà ló lé tìróò!" Títí ilẹ̀ fi ṣú lọ́jọ́ náà, gbogbo ẹni tó wọlé ló pa àlọ́ náà fún, tí kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó kó tó dáhùn.

Mo ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ ọwọ́ nítorí pé ọ̀pọ̀ òbí kò mọ bí ọwọ́ ọmọdé ti rí nínú. Egungun kéékèèké mẹ́jọ ló wà ní ọrùn ọwọ́ àgbàlagbà. Lára ọmọ ọdún mẹ́ta, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò tíì di egungun líle. Wọ́n ṣì rọ̀ bí òkè etí ti rọ̀, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń le títí ọmọ yóò fi tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sí méjìlá. Ẹni tó bá fipá mú irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kọ ení dé ogún lójú ewé mẹ́ta lójúmọ́ ń béèrè ohun tí ọwọ́ náà kò tíì ní. Ọmọ á fi gbogbo apá kọ ọ́, á tẹ pẹ́ńsùlù títí ìwé yóò fi ya, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi máa sunkún bó bá ti fojú kan ìwé. Mo ti rí wọn, èmi ni mo sì ń nu omijé wọn nù. Ohun tó yẹ irú ọwọ́ yìí ni kó po ìyẹ̀fun, kó fún omi kúrò lára aṣọ kékeré tó bá fọ̀, kó ya ìwé ìròyìn tí ẹ ti kà tán sí wẹ́wẹ́, kó fi ìka ya àwòrán sórí yanrìn, kó fi ṣíbí bu gàrí láti inú abọ́ kan sí òmíràn. Yóò da díẹ̀ nù. Ẹ jẹ́ kó dà á nù, kí ẹ sì fún un ní ìgbálẹ̀ kó gbá a.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ìṣirò rí. Mo ti kọ́ ọmọ tó lè ka ení dé ọgọ́rùn-ún ní èdè Gẹ̀ẹ́sì láìmí, tí àwọn àlejò sì ń pàtẹ́wọ́ fún un, ṣùgbọ́n bí mo bá ní kó mú ṣíbí wá fún ènìyàn mẹ́rin, ẹ̀kúnwọ́ ṣíbí ni yóò gbé wá. Orin lásán ni ohun tó ń kà. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá ń rán pé, "Lọ gbé abọ́ wá, ti bàbá, ti màmá, ti ẹ̀gbọ́n rẹ, àti tìrẹ," yóò mọ ohun tí ẹ̀rin jẹ́ kó tó mọ bí wọ́n ti ń kọ ọ́. Bàtà tó bá ń tò sí ẹnu ọ̀nà ní méjì méjì, ọ̀tún sí ọ̀tún, òsì sí òsì, ìṣirò ni. Àwọn bàbá tó ń ta ayò lábẹ́ igi ní ìrọ̀lẹ́ náà ní ohun ńlá lọ́wọ́ tí wọn kò kà sí: ihò 12 ló wà lójú ọpọ́n, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin ni à ń kó sínú ìkọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 48. Bí bàbá bá fi ọmọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kó máa bá òun pín ọmọ ayò sínú ihò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, tó sì ń ṣọ́ ọ kó má baà fi í sẹ́nu, ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ ọ yẹn ju ti pátákó ara ògiri lọ.

Ọ̀rọ̀ èdè ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí pé ó ń dùn mí títí di òní. Ní ọdún kan, wọ́n mú ọmọkùnrin kan wá sí kíláàsì mi tí àwọn òbí rẹ̀ ti kìlọ̀ fún pé kò gbọdọ̀ sọ Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fún un nílé kò sì ju wá, jókòó, jẹun àti dákẹ́ lọ. Ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tó dé, ó dìde níjòókòó, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Ẹ̀yìn ni mo wà, mò ń so okùn bàtà ọmọ mìíràn. Mo bi í pé kí ló fẹ́. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń wá ọ̀rọ̀ náà, kò rí i, kò sì jẹ́ sọ èyí tó mọ̀ nítorí ìkìlọ̀ tí wọ́n ti ṣe fún un. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti tọ̀ sára. Kò sunkún. Ilẹ̀ ló kàn ń wò. Mo gbé e, mo wẹ̀ ẹ́, mo pààrọ̀ ṣòkòtò rẹ̀, mo sì sọ fún un létí pé lọ́dọ̀ mi níbí, kó máa sọ̀rọ̀ bó bá ṣe wá sí i lẹ́nu. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó gbà mí gbọ́.

Òbí tó bá ń rò pé Yorùbá yóò fa ọmọ òun sẹ́yìn, mo fẹ́ kó mọ̀ pé wọ́n ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní ilẹ̀ wa níbí. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́, tó fi kan ìṣirò àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n sì fi olùkọ́ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láyè ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ló ṣe dáadáa jù, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má kọ́ ọmọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Èmi náà fi kọ́ni, mo sì mọ ilẹ̀kùn tó ń ṣí. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí òbí bá ọmọ sọ̀rọ̀ nílé ní èdè tí òun alára lè fi ronú, tó lè fi ṣàlàyé ìdí tí òjò fi ń rọ̀, tó lè fi báni wí, tó sì lè fi tuni nínú. Ọmọ tó bá gbọ́ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́ta ti ní etí tó mú, etí náà ni yóò sì fi gbọ́ ìyàtọ̀ lẹ́tà ní èdè yòówù tí wọ́n bá fi kọ́ ọ. Bí ẹ bá sì ń pa àlọ́ Ìjàpá fún un lálẹ́, ẹ dúró láàárín méjì, kí ẹ bi í pé, "Kí lo rò pé Ìjàpá yóò ṣe báyìí?" Ọmọ tó bá lè dúró de ìgbà tí ègbè orin àlọ́ bá kàn án, tó sì lè sọ fún yín lọ́la ohun tó ṣáájú àti ohun tó kẹ́yìn nínú ìtàn náà, ohun tí olùkọ́ ń wá lọ́wọ́ ọmọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá ti Bódìjà lọ sí Akóbọ̀, ẹ ó rí orúkọ Montessori lára pátákó ilé-ẹ̀kọ́ lọ́tùn-ún lósì. Ó yẹ kí òbí tó ń san owó gegere nítorí orúkọ yìí mọ ohun tí obìnrin náà ṣe. Dókítà oníṣègùn ni Maria Montessori, ọmọ ilẹ̀ Ítálì. Ní ọjọ́ kẹfà, oṣù Kínní, ọdún 1907, ó ṣí ilé kan fún àwọn ọmọdé ní San Lorenzo, àdúgbò àwọn tálákà ní ìlú Róòmù, fún àwọn ọmọ tí òbí wọn ń jáde lọ síbi iṣẹ́ láti òwúrọ̀. Ohun tó fi síwájú wọn ni omi tí wọn yóò máa dà láti inú ohun kan sí òmíràn, ilẹ̀ tí wọn yóò gbá, ọwọ́ tí wọn yóò fọ̀, bọ́tìnnì tí wọn yóò dè, okùn bàtà tí wọn yóò so. Lẹ́tà tó fi kọ́ wọn, ara ìwé tó rí hákahàka ló ti gé e, kí ọmọ lè fi ìka tọ ọ̀nà rẹ̀ kó tó fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́. Ṣáájú rẹ̀, Friedrich Fröbel ti bẹ̀rẹ̀ irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Jámánì ní 1837, ó sì sọ ọ́ ní ọgbà àwọn ọmọdé ní 1840. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi òwú hun, ègé igi, orin àti ọgbà tí ọmọ lè gbin nǹkan sí ni irinṣẹ́ tirẹ̀. Ìyá tó ń gbé Òjé tàbí Bẹẹrẹ ní èyí tó pọ̀ jù nínú nǹkan wọ̀nyí nílé, tí kò sì san kọ́bọ̀ lé e lórí.

Àwọn tó ṣáájú wa pe irú ilé-ẹ̀kọ́ yìí ní jẹ́lé-ó-sinmi, kí ọmọ lọ kí ilé lè fara balẹ̀ díẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀, ìyá náà nílò ìsinmi. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kò bá tíì kọ́ láti wà láìsí ìyá rẹ̀, ilé á sinmi, ọkàn ọmọ kò ní sinmi. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ jù lọ́jọ́ ìwọlé ni kí ìyá dọ́gbọ́n sá mọ́ ọmọ lójú. Ọmọ á yíjú padà, kò ní rí i mọ́, láti ọjọ́ náà lọ kò ní jẹ́ kó jìnnà sí òun mọ́ rárá, nílé àti ní ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù méjì ṣáájú. Ẹ fi í sọ́dọ̀ àbúrò yín fún wákàtí kan, kí ẹ wò ó lójú, kí ẹ sọ fún un pé, "Mò ń lọ sí Dùgbẹ̀, bí mo bá dé, èmi àti ìwọ la ó jọ jẹ àkàrà." Ẹ lọ, bó bá tilẹ̀ ń sunkún, kí ẹ sì dé nígbà tí ẹ ní ẹ ó dé, pẹ̀lú àkàrà náà lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ọ́ di wákàtí mẹ́ta, kó tó di odindi ọjọ́. Ọmọ tó ti rí i lẹ́ẹ̀mẹ́wàá pé ìyá òun máa ń padà dé yóò sunkún díẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, yóò sì lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré.

Ó yẹ kó lè lo póò, kó fọ ọwọ́ rẹ̀, kó jẹun fúnra rẹ̀, kó mọ orúkọ rẹ̀ àti orúkọ òbí rẹ̀, kó sì mọ bí wọ́n ti ń kí àgbà. Ìwọ̀nyí kò le, ìfaradà òbí ni wọ́n ń fẹ́. Ní ti oorun, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2019 pé wákàtí 10 sí 13 ni ó yẹ kí ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin sùn láàárín ọ̀sán àti òru, àti pé kò yẹ kí ó jókòó ti fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n ju wákàtí kan lọ lójúmọ́. Ọmọ tó bá ń wo fíìmù pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di agogo mọ́kànlá alẹ́, orí tábìlì ni yóò ti sùn lọ́jọ́ kejì, kò sí olùkọ́ tó lè tún un ṣe.

Mo mọ ohun tí àwọn ìyá kan yóò sọ: àwọn kò ní àyè, ilẹ̀ ti ń ṣú kí àwọn tó ti ọjà dé, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ìwó Road nìkan ti tó láti gba gbogbo agbára. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Obìnrin kan wà tó ń ta àlùbọ́sà ní ọjà Bódìjà, tí mo máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ní àyè ju àwọn yòókù lọ. Ọmọbìnrin rẹ̀ máa ń jókòó lábẹ́ àtẹ, iṣẹ́ tó sì fún un ni kó máa ṣa àlùbọ́sà ńlá sí ọ̀kan, kékeré sí ọ̀kan, èyí tó ti ń rọ̀ sí ọ̀kan. Bí oníbàárà bá wá, ìyá á ní, "Bá mi mú àrún wá nínú ńlá." Ọmọ á kà á jáde lẹ́nu, á fi ọwọ́ méjèèjì gbé e wá, á kúnlẹ̀ kí oníbàárà. Nígbà tí ọmọ náà wọ jẹ́lé-ó-sinmi ní ọdún tó kọjá, ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé olùkọ́ bi òun léèrè ẹni tó ń kọ́ ọ nílé. Inú ọkọ̀, orí ìdúró fún ọkọ̀, ibi tí ẹ ti ń dúró kí omi hó, àyè wà níbẹ̀ fún àlọ́ kan tàbí kíka nǹkan díẹ̀, bí fóònù kò bá sí lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ni ilé-ẹ̀kọ́, ẹ̀bẹ̀ ni mo fi ọ̀rọ̀ tèmi ṣe, nítorí mo mọ̀ pé àwọn òbí kan ló ń fúngun mọ́ yín pé kí ọmọ máa kọ̀wé kíákíá kí wọ́n lè gbà pé owó àwọn kò ṣòfò. Nígbà tí èmi wọ ilé-ẹ̀kọ́ ní 1963, ohun tí wọ́n fi yẹ̀ wá wò ni pé ká na apá ọ̀tún kọjá lórí kí ìka kan etí òsì. Ọjọ́ orí nìkan ni àwọn olùkọ́ ìgbà náà ń wá, wọn kò béèrè ogún lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ tẹ̀ jáde ní 2013 fi ọdún mẹ́fà sí ìgbà tí ọmọ yóò wọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó fi ọdún kan ṣáájú rẹ̀ fún ọmọ ọdún márùn-ún, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé lára ohun tí ìpele náà wà fún ni kí ọmọ lè ti inú ilé bọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ wẹ́rẹ́. Bí ọmọ ọdún mẹ́ta bá wá sọ́dọ̀ yín, ẹ jẹ́ kí olùkọ́ bá a jókòó sílẹ̀, kó bá a ṣeré, kó wò ó bí ó ti ń mú nǹkan àti bí ó ti ń sọ̀rọ̀, kó sì sọ fún òbí ohun tí wọ́n lè máa bá a ṣe nílé. Ìyá kan kò yẹ kó sunkún jáde ní ẹnu ọ̀nà yín.

Ìyá ọmọ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti ń mú ọmọ náà wá sí ilé mi ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta. Òun àti ọmọ ọmọ mi ló jọ ń já ewédú báyìí. Ó ṣì ń já igi mọ́ ewé, ṣùgbọ́n kò fi í sẹ́nu mọ́, ó sì ti mọ àlọ́ eṣinṣin tó ń bá ọba jẹun tí kò palẹ̀ àwo mọ́. Ìyá rẹ̀ ti rí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn tí yóò gbà á ní oṣù Kẹsàn-án.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù tí mo fẹ́ bẹ ẹ̀yin Olóòtú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa ya igun kékeré kan sọ́tọ̀ nínú ìwé ìròyìn yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ilé-ẹ̀kọ́ yóò fi wọlé, kí àlọ́ àpamọ̀ mẹ́ta máa wà níbẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ kan tí òbí lè bá ọmọ ọdún mẹ́ta ṣe nílé láìná owó. Bí ẹ bá gbà, mo ti kọ ti ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sílẹ̀ sínú ìwé kan, èmi alára yóò sì gbé e wá sí ọ́fíìsì yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ fẹ̀yìntì kan,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.